Ta Ni Ó Gé Ògúndé sí Méjì?

Ní sáà tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ wa níhìn-ín ní Ọ̀tà ṣe ọjọ́ àṣà. Mo ní kí àwọn ọmọ SS2 gbé eré kékeré kan kalẹ̀ lórí olóògbé Hubert Ògúndé, ọmọ bíbí Òsósà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní bàbá eré orí ìtàgé ní Nàìjíríà. N kò sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọkùnrin kan jáde sí wa. Ó wọ ẹ̀wù pupa tí a rán àdó àti owó ẹyọ mọ́ lára, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń pọfọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n da aṣọ dúdú borí, wọ́n ń ké bí ẹyẹ òru. Ó na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí wọn, wọ́n ṣubú yakata, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì pàtẹ́wọ́. Eré parí.

Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni Ògúndé ṣe kí ó tó di ẹni tí ń bá àjẹ́ jà nínú fíìmù. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Sà, ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

N kò bá wọn wí. Ta ni yóò bá ọmọ wí lórí ohun tí a kò kọ́ ọ? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni mo ń bá wí, èmi gan-an sì wà níwájú nínú àwọn tí ẹjọ́ náà kàn. Ó ti pẹ́ tí a ti gé ìgbésí ayé olú òṣèré yìí sí méjì. A gbé apá ìkẹyìn fún àwọn ọmọ, èyí tó kún fún ọfọ̀ àti ẹyẹ òru. Apá àkọ́kọ́, tí ó gùn jù, tí ó sì le jù, ni a wọ́ jù sẹ́yìn kùlé. Nínú àkọsílẹ̀ tí a máa ń ní kí wọ́n dà kọ, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀: ọdún tí wọ́n bí i, 1916, ọdún tí ó kú, 1990, orúkọ eré márùn-ún, "òun ni bàbá eré orí ìtàgé." Ọmọ yóò há a sórí, yóò sì gba máàkì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yẹ. Ògúndé ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọkùnrin tí àwọn ọlọ́pàá yóò máa lé kiri láti ìlú dé ìlú nígbà tó yá ti wọ aṣọ wọn rí, ó sì ti gba owó oṣù ìjọba amúnisìn rí. Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìjọ Aládúrà kan ní kí ó bá àwọn ṣe eré tí àwọn yóò fi kówó jọ. Eré náà, The Garden of Eden and the Throne of God, wáyé ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní 1944, èrò sì wọ́ wá wò ó. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń sọ àwọn eré rẹ̀ ní àkókò náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn orin inú wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé owó nìkan ni ó ń wá, ìtàn inú Bíbélì tó o jẹ títí ọjọ́ ikú. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Èkó, gbogbo wọn ni ó sì ń fẹ́ kówó jọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ti mú kí ọjà wọ́n gógó, owó oṣù kò kúrò ní ojú kan, ìjọba sì kọ etí dídi sí owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń béèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló ṣáájú. Michael Imoudu tí ó jẹ́ aṣáájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn dé ni, nítorí ìjọba ti lé e lọ sí Auchi láti 1943. Ìyanṣẹ́lódì náà lé ní oṣù kan. Ọkọ̀ ojúurin kò rìn, lẹ́tà kò rìn, ebi sì ń pa àwọn tó yanṣẹ́ lódì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn.

Nínú ọdún yẹn kan náà ni Ògúndé gbé eré tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Strike and Hunger jáde, èyí tí a lè pè ní Ìyanṣẹ́lódì àti Ebi. Kò dúró kí ọ̀rọ̀ náà di ìtàn àtijọ́ kí ó tó fi ṣeré. Àwọn tí ebi pa ni ó jókòó síwájú rẹ̀ tí wọ́n ń wo ara wọn lórí ìtàgé. Ọdún náà kò sì tíì parí tí ó tún fi ṣe Worse than Crime, lórí òwò ẹrú àti ìjẹgàba àwọn aláwọ̀ funfun. Ní 1946 ó ṣe Tiger's Empire, ìyẹn Ìjọba Ẹkùn, ẹ sì mọ irú ẹkùn tí ó ń sọ. Nígbà tí ó gbé Strike and Hunger dé Jos, àwọn aláṣẹ fòfin dè é. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Iva Valley ní Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, Ògúndé fi ìyẹn náà ṣe eré ní 1950: Bread and Bullet, oúnjẹ àti ọta ìbọn. Ó gbé e dé Kano, wọ́n sì fòfin de ìyẹn náà níbẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nígbà náà, tí ó ń ti inú eré jẹun. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ ọn ní ìlú kan, ebi alẹ́ ọjọ́ náà di ti òun àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo wí. Ìgbà Tiger's Empire ni ó kọ́kọ́ kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa gba owó fún iṣẹ́ òṣèré, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi ojú aláìníláárí wo obìnrin tí ó bá gun orí ìtàgé. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fẹ́. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti rí "ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀." Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé kí a fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá sọ ọ́, kí ó sọ pẹ̀lú rẹ̀ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí ló kọrin, tí wọ́n jó, tí wọ́n sì sùn sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú. Láìsí wọn, kò sí ohun tí à ń pè ní ẹgbẹ́ Ògúndé.

Àwọn kan lára àwọn ọmọ wa máa ń rò pé Amẹ́ríkà ni a ti ń rí olú òṣèré, pé ẹ̀dà lásán ni tiwa. Jẹ́ kí a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní Hollywood àtijọ́, Clark Gable ni wọ́n ń pè ní ọba. Síbẹ̀, ó lé ní ogún ọdún tí ọba yìí fi wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ MGM. Wọ́n ń yan fíìmù tí yóò ṣe fún un, àti ní 1933, wọ́n yá a fún ilé-iṣẹ́ Columbia bí ẹni yá ọkọ́ fún aládùúgbò, láti ṣe It Happened One Night. Fíìmù tí wọ́n fi yá a yìí gan-an ni ó gba ẹ̀bùn Oscar lé lórí! Ògúndé kò ní ẹni tí yóò yá a fúnni. Òun ni ó kọ eré, tí ó ṣe orin rẹ̀, tí ó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀, òun náà ni ó sì ń ra epo sí ọkọ̀.

Yorùbá kan tilẹ̀ wà nínú fíìmù wọn ṣáájú. Orlando Martins, ọmọ Èkó, tí wọ́n bí ní 1899, ṣeré pẹ̀lú Ronald Reagan nínú The Hasty Heart ní 1949, Reagan tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìnwá. Ọkùnrin gìrìwò ni Martins, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Ipa wo ni wọ́n fún un? Ipa Blossom, ọmọ Áfíríkà kan tí ó wà nílé ìwòsàn àwọn ológun, tí kò gbọ́ èdè àwọn yòókù, tí kò sì rí ọ̀rọ̀ kan gidi sọ. N kò fi èyí bú Martins, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni ó ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Mo kàn ń sọ pé ní àwọn ọdún kan náà tí Hollywood ń wá adúláwọ̀ tí yóò dákẹ́ ni Ògúndé ń tì wọ ọgbà ọlọ́pàá nítorí pé ó kọ̀ láti dákẹ́.

Ìgbà tí òmìnira dé, ṣé ó jókòó jẹ́ẹ́? Ìjọba ní kí ó ṣe Song of Unity fún ayẹyẹ òmìnira ní 1960, ó sì ṣe é. Ó bá ìjọba jẹun nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹni mímọ́. Àmọ́ ẹ wo 1964. Ìjà ti pín ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn sí méjì. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá wà lórí àlééfà. Wọ́n ní kí Ògúndé wá ṣeré ní Ìbàdàn níwájú àwọn ọlọ́lá, ó sì gbé Yorùbá Ronú kalẹ̀: eré ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n jáde kúrò níbẹ̀. Láìpẹ́, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé jákèjádò agbègbè náà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Ọ̀tà mọ ohun tí òfin yẹn túmọ̀ sí níhìn-ín. Èkó jẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, òfin náà kò mú un. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà, Agége àti Ọ̀tà wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Ògúndé lè ṣeré ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, kò lè rin ìrìn wákàtí kan wá sí Ọ̀tà láti wá ṣe é. Kò lè ṣe é ní Òsósà tí wọ́n bí i sí. Kí ni ó wá fi fèsì? Ó tún kọ eré mìíràn, ó sì pè é ní Òtítọ́ Korò. Ìgbà tí àwọn ológun gba ìjọba, ní 1966, ni Adékúnlé Fájuyì tó ó mú òfin náà kúrò.

Àádọ́rin ọdún àti mẹ́rin ni Ògúndé lò láyé, ó ku díẹ̀. Nígbà tí òfin yẹn kúrò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ku ọdún 13 kí fíìmù rẹ̀ kan tó jáde.

Mo ti ń retí kí ẹnìkan sọ pé mo kórìíra àwọn fíìmù náà. Rárá o. Ọmọdé ni mí nígbà tí Ayé jáde ní 1979, èyí tí Ọlá Balógun darí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó mi lọ wò ó. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi lè dá jáde lọ tọ̀ lóru. Mo rántí Ògúndé nínú aṣọ Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́, bí ó ṣe ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbọ́ tirẹ̀. Kò sí òṣèré tí mo tún rí tí ó lè fi ìdúró lásán gba ojú àwòrán bẹ́ẹ̀. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Ó sì rí ọ̀nà náà kedere, nítorí Àjàní Ògún, tí Balógun ṣe pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan ní 1976, ti fi hàn pé èrò yóò wọ́ wá wo sinimá tí a fi Yorùbá sọ. Oníṣòwò ni Ògúndé, ojú rẹ̀ sì là.

Ẹjọ́ tí mo ní wà lórí ohun tí a fi àwọn fíìmù náà ṣe. A mú òṣèré tí ó ti fi ogún ọdún sọ fún àwọn ènìyàn pé ebi tí ń pa wọ́n ní ẹni tí ó fà á, pé ẹni náà ní orúkọ àti ọ́fíìsì. A wá sọ ọ́ di ẹni tí ó ń sọ pé ìyá arúgbó ìdí igi ni ó fà á. Àwọn tó ń ṣe fíìmù lẹ́yìn rẹ̀ di apá yẹn mú, ó lé ní ogún ọdún tí a fi ń wo àwo ìgbèré àti ojú pípọ́n. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá pàdánù iṣẹ́ nínú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa wò ó, àbúrò ìyá bàbá náà ni yóò jẹ́wọ́ níkẹyìn. A kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń na àwọn arúgbó obìnrin ní òótọ́, láìsí kámẹ́rà, nítorí irú ẹ̀sùn yìí.

Ọmọ Ọ̀tà kò tilẹ̀ yẹ ní ẹni tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò tàn. Àwọn Àwórì ìlú yìí ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, irú èyí tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ìṣúra gbogbo ayé. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe sí agbára àwọn ìyá wa? Ó ń bọ̀wọ̀ fún un, ó ń jó fún un, ó ń tù ú lójú. Kì í na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí wọn kí wọ́n ṣubú.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé fíìmù ni àwọn ọmọ lè rí wò, pé eré 1945 kò sí níbì kan tí wọn yóò ti wò ó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí. Ẹni tí ó ṣe eré kí rédíò tó wọ ilé púpọ̀ kò lè fi àwòrán sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n Ẹbùn Clark ti kọ odidi ìwé lórí iṣẹ́ Ògúndé láti 1979, orin Yorùbá Ronú sì wà lórí àwo. A kò rí ọba tó jẹ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ pẹ̀lú, a sì ń kọ́ wọn ní ìtàn wọn. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì kò yẹ ọmọ ilé-ìwé, pé yóò dà bí ẹni ń kọ́ wọn ní ọ̀tẹ̀. Àwa olùkọ́, tí a mọ ìyanṣẹ́lódì bí ẹni mọ ilé ìyá rẹ̀! N kò mọ bí mo ṣe dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín.

Ẹ wá síbi géètì ilé-ẹ̀kọ́ wa ní aago méje àárọ̀. Àwọn òbí tí ń já ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láti àwọn kọ́ńpìnì tó wà lójú ọ̀nà Ìdírókò àti yíká Sàngó. Ìwọ yóò rí ìyẹ̀fun tàbí èérí irin lára ẹ̀wù wọn. Púpọ̀ wọn jẹ́ kásúà, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tí ó lè tán lọ́la láìsí ìwé. Ilé àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ti ń wá. Òṣèré tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá fi ìgbà èwe iṣẹ́ rẹ̀ ṣe eré nípa irú bàbá wọn, ó sì jìyà nítorí rẹ̀. Àwa ni a kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Fíìmù tí Ògúndé ṣe kẹ́yìn kì í ṣe tirẹ̀. Ti Bruce Beresford ni, Mister Johnson, tí ó jáde ní 1990, tí Pierce Brosnan wà nínú rẹ̀. Ipa kékeré ni Ògúndé kó níbẹ̀. Ọdún náà ni ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹrin.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ àṣà wa, mo pa ìwé àkọsílẹ̀ dé, mo sọ ìtàn 1945 fún àwọn SS2 bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ariwo kò sí. Nígbà tí aago lù, ọmọkùnrin tí ó wọ ẹ̀wù pupa ní ọjọ́ náà dúró lẹ́yìn. Ó ní, "Sà, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, ṣé wọ́n padà fún wọn lówó náà?" Mo sọ fún un pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí Tudor Davies jẹ́ olórí rẹ̀, àti pé ní 1946 ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn kí wọ́n fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà wọn. Ó ní kí n tún orúkọ ọkùnrin náà pè. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó ní bàbá òun kò níí lọ síbi iṣẹ́ títí di alẹ́, òun yóò bá a nílé.